Ẹsẹ̀ Tó Ń Wa Máṣíìnì

Ogún ọdún ó lé ni mo fi wa máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀
lẹ́bàá ọ̀nà Pàkátà,
ẹsẹ̀ ń lọ, ẹsẹ̀ ń bọ̀,
èmi àti àga mi kò kúrò lójú kan.
Bí ìrìn orí irin yẹn bá jẹ́ ìrìn ni,
ǹ bá ti dé Mẹ́kà, ǹ bá ti padà,
ǹ bá tún ti lọ mú ohun tí mo gbàgbé síbẹ̀.

Dókítà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó di nǹkan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i,
ó wo òǹkà, ó wo ojú mi,
ó ní, "Ìyá Káúsárá, ẹ máa rìn."
Mo rìn. Ìrìn dùn mọ́ mi. Mo bá sáré.

Wọ́n ní eré ìje kan ń bọ̀ lóṣù Kejì,
kìlómítà méjìlélógójì àti èérún.
Mo na téèpù ìwọnṣọ mi wò: ọgọ́ta ínṣì.
Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ orúkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn àsùbá, kí àwọn agbálẹ̀ tó jí eruku,
bàtà òkìríkà lẹ́sẹ̀, ọ̀kan le ju èkejì,
mo gba Òjá Gbòòrò já sí afárá Asà.
Bàbá Sálíù tó ń ṣọ́ báńkì pè mí látorí bẹ́ńṣì:
"Sífáwù, ta ló ń lé ọ? Gbèsè ni àbí ejò?"
Lọ́sẹ̀ kìíní mo fèsì.
Lọ́sẹ̀ kẹta n kò ní èémí tí mo lè fi fèsì.
Nígbà tó yá, òun náà ló ń lé ọlọ́kadà:
"Ẹ yà fún un, ó ń lọ síbi tó ń lọ."

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun Òkè Sóbì,
ọmọbìnrin Fúlàní kan bá mi ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́,
igbá wàrà lórí, sílípáàsì lẹ́sẹ̀.
Kò sáré. Ó kàn ń rìn ni.
Ó kí mi, ó kọjá mi,
omi inú igbá kò tilẹ̀ mì.
Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún díẹ̀.
Nígbà tó ń bọ̀, mo ra wàrà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọyẹ́ dé. Ètè là. Orúnkún òsì ń dún
bíi máṣíìnì tí òróró tán nínú rẹ̀.
Mo fi òrí pa á, mo fi àjákù áńkárá dì í,
mo jókòó fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Aṣọ oníbàárà ń parí, inú mi kò dùn.
Bàbá Káúsárá ní, "Ó tó gẹ́ẹ́."
Òótọ́ ni. N kò sì ní gbọ́.
Lóru, ẹsẹ̀ mi ń wa ohun tí kò sí lábẹ́ aṣọ ìbora.

Mo padà bí ẹni ń tú rírán,
díẹ̀díẹ̀, kí aṣọ má baà ya.

Ọ̀nà Àfọ̀n, kìlómítà kẹtàdínlọ́gbọ̀n,
nídìí igi àgbálùmọ̀ kan, ara mi di ti ẹlòmíràn.
Káúsárá wà lẹ́yìn ọ̀kadà, omi ọ̀rá mẹ́fà lórí itan rẹ̀.
Ọlọ́kadà ní, "Màámi, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ́fẹ̀ẹ́."
Mo wo ìjókòó náà bí ẹlẹ́bi ṣe ń wo ẹ̀kọ.
Ẹ má jẹ́ n parọ́: mo gùn ún.
Títí a fi délé, n kò lè wo ojú ọmọ mi.

Lọ́sẹ̀ kejì mo padà sídìí àgbálùmọ̀ yẹn,
mo ré e kọjá ní òpó iná méjì.
Méjì péré.

Ọ̀la ni.
Wọ́n ní kí a fi pín-ìnnì há nọ́ńbà mọ́ àyà.
Télọ̀ ni mí: mo rán an mọ́ ọn,
ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
N kò mọ̀ bóyá n ó parí rẹ̀.
Bàtà mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ́ tónítóní,
okùn rẹ̀ ṣì tutù.
N kò fọ̀ ọ́.
Bàbá Káúsárá ti sùn, tàbí ó ń díbọ́n.