Okùn Ìpẹja

Oṣù kìíní ni. A kò rí oòrùn mọ́ láti oṣù kọkànlá.
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.
Ọ̀sán gangan, bàbá mi so iná mọ́ iwájú orí,
ó gbé mi jókòó sórí awọ àgbọ̀nrín,
ajá mọ́kànlá ń wọ́ wa lọ
lórí òkun tó ti dì gbagidi níwájú Uummannaq.

Òun ló gbẹ́ ihò sójú yìnyín.
Èmi ló ní kí n di okùn mú.
"Dì í mú o, Nivi. Má jẹ́ kó bọ́."
Ọgọ́rùn-ún ìwọ̀ ló wà lára okùn yẹn,
owó epo wà níbẹ̀, gbèsè ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀.
Ọwọ́ mi ti kú. Ajá kan gbó. Mo bojú wẹ̀yìn.

Okùn lọ.
Bí ẹni pé ẹnìkan ń dúró dè é nísàlẹ̀.
Omi dúdú gbé e mì, kò tilẹ̀ dún.

Bàbá mi tí í ka Bíbélì fún ìjọ,
tí ohùn rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ bó bá dé orí ìfẹ́,
bàbá mi yẹn ló la ẹnu.
N kò ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ.
Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀.
Níbi tí a wà, ilẹ̀ le ju òkúta lọ.

Títí a fi délé, ajá nìkan ló ń mí.
"Kí ló ṣe yín?" ìyá mi bi wá.
"Òtútù ni," bàbá mi wí.

Lóru, ilẹ̀kùn yàrá mi dún.
Mo mọ òórùn rẹ̀: ẹja, epo, tábà díẹ̀.
Mo di ojú pọ̀ bí ẹni tó ti sùn.
Orúnkún rẹ̀ dún kẹ́kẹ́ bó ti ń kúnlẹ̀,
ọkùnrin tí ìjì kò rí kó bẹ̀rẹ̀.
Mo rò pé Ọlọ́run ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀.
Èmi ló bá sọ̀rọ̀:
"Nivi, okùn lásán ni. Mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

N kò dáhùn. Kí ni mo fẹ́ wí?
Àgbàlagbà kan kò bẹ̀ mí rí láyé mi.
Ó pẹ́ níbẹ̀, ó pẹ́ títí mo fi sùn lóòótọ́.
Nígbà tí mo jí, ó nà gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó ń hanrun,
bàtà ṣì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ dìde, wọ́n ní "Ataatarput",
Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run.
Ataata ni mo ń pe ẹni tó sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kan náà ni! N kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.
Mo yí ojú wò ó.
Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n dé ibi ìdáríjì gbèsè,
mo sì ti ìka mi méjì bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀,
níbi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Lọ́jọ́ Ajé, okùn tuntun, gbèsè tuntun.
Ó gbẹ́ ihò, ó na okùn sí mi.
Kò sọ pé kí n má jẹ́ kó bọ́.
Ìwàásù tí mo rántí nìyẹn.
Àwọn tó kà lórí pẹpẹ ti lọ, Ọlọ́run má bínú.

Mo ti bí tèmi báyìí. Ulloriaq, ọmọ ọdún méje.
Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ó da tíì sórí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ mi,
mo sì gbọ́ ohùn bàbá mi tó ń jáde lẹ́nu mi,
ohùn ti orí yìnyín,
kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.
Ó wọ yàrá lọ. Kò ti ilẹ̀kùn tán.

Ilé ti dákẹ́. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti dúró síbí,
ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta.
Mo mọ̀ pé kò sùn. Èémí rẹ̀ yára jù.
Orúnkún mi náà ti ń dún báyìí.