Sójà Tó Há Sẹ́nu Ìlẹ̀kùn

Eyvindur tó ni ṣọ́ọ̀bù kìlọ̀ fún mi:
"Eré ìbọn yìí, ó ní àléébù o."
Owó ọjọ́ méjì tí mo fi ń ki ìdẹ bọ ìwọ̀ ni mo fi rà á.
Páálí rẹ̀ ti ya létí,
sójà ojú páálí ń bínú sí ẹnì kan tí n kò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni yìnyín ya láti orí òkè,
ó dí ọ̀nà tó jáde ní Bolungarvík pa.
Ọkọ̀ apẹja ò kúrò ní èbúté, wọ́n ti iléèwé,
oòrùn fúnra rẹ̀ ti gba ìsinmi láti oṣù kọkànlá.
Ó wá ku èmi àti Salvör, ìyá tó bí ìyá mi,
àti tẹlifíṣọ̀n tó yọ gannku lẹ́yìn bí abiyamọ tó pọnmọ.

Mo ki àwo bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kùn, ó wúkọ́,
ó ní ká dúró.
A dúró títí omi kọfí fi hó.

Kí n má parọ́: eré náà ò dáa tó.
Ìbọn ibẹ̀ ń dún bí ṣíbí tó já sílẹ̀ ní kíṣìnì.
Ọ̀tá á kú tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa sáré.
Yìnbọn lu igi, igi ò mira;
yìnbọn lu ìkùukùu, ìkùukùu á ṣẹ̀jẹ̀.
Ọ̀gágun ń pàṣẹ: ẹnu rẹ̀ ti pa dé
kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.
Lórí afárá kejì, bí o bá sáré jù, ẹ̀rọ á dákú,
wàá tún bẹ̀rẹ̀ láti etí odò, pẹ̀lú bàtà tútù.

Síbẹ̀, ọwọ́ mi ò kúrò lórí bọ́tìnnì.
Torí bó bá dáa, á dáa:
tí iná bá ń lá òrùlé ilé ọkà, tó ku ìwọ nìkan,
ọta mẹ́ta nínú ìbọn, ọ̀tá mẹ́rin lẹ́yìn ògiri,
o kà á, o ṣì í kà, o tún un kà,
àyà ń lù bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ kùtù.

Alẹ́ kẹta ni Salvör gba páàdì kejì.
Ogójì ọdún ló fi la ikùn ẹja nílé iṣẹ́ etíkun,
àtàǹpàkò rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀.
Tẹlifíṣọ̀n là sí méjì: èmi lókè, òun nísàlẹ̀.
Mò ń jagun. Òun ń rìn kiri.
"Ta ló ni ilé yìí? Ṣé wọ́n ti jẹun?"
Ó yìnbọn lu rédíò kan. Rédíò ò dákẹ́.

Sójà tiwa kan wà tó há sẹ́nu ìlẹ̀kùn ilé ọkà,
ìdajì rẹ̀ nínú pákó, ìdajì níta,
ó ń rìn, ó ń rìn, kò kúrò lójú kan.
"Ẹ tẹ̀ lé mi!" ló ń pariwo.
Mo bú u. Salvör rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i lára.
"Ketill nìyí," ó ní. "Ketill gan-an!
Ọdún méjìlélógún la jọ ṣiṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí,
á ní ká lọ, ká lọ, òun ò sì ní lọ."
Láti alẹ́ yẹn, a kì í wọ ilé ọkà láìkí Ketill.

Òun náà ló rí ihò,
lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn tó ṣe eré
ti gbàgbé láti rán ilẹ̀ mọ́ ògiri.
Ó jìn sí i. Kò kú. Ó kàn ń já bọ́,
abúlé, ogun, èmi tòun tìbọn mi, gbogbo wa lókè rẹ̀,
pẹlẹbẹ, bí ìgbà téèyàn ń wo yìnyín láti ìsàlẹ̀ omi.
Mo ní, "Tẹ bọ́tìnnì pupa, wàá padà wá."
Ó ní, "Mò ń bọ̀. Jẹ́ n wò ó ná."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni katakata wá kó yìnyín kúrò lọ́nà.

Mo ti ta ẹ̀rọ yẹn. Mo ti ra òmíràn, mo ti ra ẹ̀kẹta.
Ewé ń mì níbẹ̀, òkú ń kú dáadáa,
kò sẹ́ni tó há sẹ́nu ìlẹ̀kùn.
Bí abúlé kan bá ti ní ṣọ́ọ̀ṣì,
mo máa ń pa ogun tì díẹ̀, mo máa ń lọ sẹ́yìn,
mo máa ń fi èjìká ti ògiri.