Ẹni Tó To Àga

Igba àga ni mo tò lálẹ́ ọjọ́ náà,
àga onírin tí í dún gbàngàn bí a bá ṣí i,
sínú gbọ̀ngàn táwọn ọmọ iléèwé ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Thurman Gell ń bọ̀ wá tọrọ ìbò,
ó fẹ́ lọ ṣojú ìpínlẹ̀ wa nílé aṣòfin àgbà.
Yìnyín ń bọ́. Mo da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà
kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀,
ìbáà ṣe tirẹ̀, ìbáà ṣe tiwa.

Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ẹ má jẹ́ n purọ́.
Wọ́n bi í léèrè nípa oyún ṣíṣẹ́.
Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní,
"Èmi gẹ́gẹ́ bí èmi, mo mọ ohun tí mo gbà gbọ́.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Wọ́ṣíńtìnì.
Kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan jókòó, kó ṣe òfin tó bá a lára mu.
Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò."
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn àga mi mì tìtì.

Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò.
Mo fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo ń rò ó.
Ta wá ni onílé?
Ìpínlẹ̀ kò lóyún rí.
Ìpínlẹ̀ kò jí lóru rí kó di ògiri mú lọ sí balùwẹ̀.

Corliss ọmọ mi lóyún lọ́dún tó kọjá.
Ó ti kun yàrá, ó ti ra ibùsùn kékeré,
ọkọ rẹ̀ ti to ó tán, ìdè kan ṣẹ́ kù.
Lóṣù karùn-ún dókítà gbé àwòrán sókè síná,
ó dákẹ́ títí.
Ọmọ náà kò ní lè mí, ó ní.
Bó bá dáyé, kò ní lò tó wákàtí kan.
"Kí ló kù ká ṣe?"
Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo wa.
Ó ní ẹnu òun wúwo níbí,
ó ní ká wo òdìkejì odò.

Afárá odò Tansel kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.
Pátákó kan wà láàárín rẹ̀:
lẹ́yìn rẹ̀, òfin kan; níwájú rẹ̀, òfin mìíràn.
Mo ń wo omi nísàlẹ̀ bí mo ti ń wakọ̀.
Omi kan náà ni.
Corliss ń sùn, tàbí ó díbọ́n pé òun ń sùn.

Ìyáàfin Haverkamp, aládùúgbò wa,
dúró síta gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà nínú òtútù,
ó gbé pátákó: ẸNI TÓ WÀ NÍNÚ NÁÀ, ẸNI NI.
Òun náà ló gbé páì wá sílé wa
lọ́jọ́ kejì tí a ti òdìkejì odò dé.
Kò béèrè ibi tí a lọ.
Ó fọ abọ́ tó wà nínú síǹkì, ó lọ.
N kò mọ ibi tí mo lè fi èyí sí.
N kò lè pè é lọ́tàá,
n kò sì lè sọ pé a jọ ń sùn kọrí síbì kan náà.

Nígbà tí èrò túká, mo ń ká àga.
Lábẹ́ ìkẹrin ní ìlà iwájú, mo rí káàdì kan.
Lókè: *Gúúsù: kí a fòfin dè é jákèjádò orílẹ̀-èdè.*
Nísàlẹ̀: *Etí odò: kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan pinnu.*
Wọ́n fa ìlà pupa sábẹ́ ti ìsàlẹ̀,
wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: *rẹ́rìn-ín músẹ́ níbí.*

N kò fà á ya. N kò pe oníròyìn.
Mo sọ ọ́ sínú àpótí ohun tó sọnù,
sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan àti kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́,
bóyá ẹni tó ni ín á padà wá a wá.
Lẹ́yìn náà mo tún gbé garawa,
mo da iyọ̀ sẹ́nu ọ̀nà.
Yìnyín kò tíì dá.