Ohun Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Agbè

Ní Àjárà, lẹ́yìn Badagry, kí ìrì tó gbẹ lórí koríko,
bàbá mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ ọparun.
Ó bu ògùrọ̀ sínú igbá, ó ní, "Sẹ̀nàmí, tọ́ ọ wò."
Ó dùn bí omi ìrèké. Oyin ń wọ́ tẹ̀lé wa dé ilé.

Ní ọ̀sán, ẹmu kan náà ti ń ta ahọ́n,
ó ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀.
Nígbà tó bá fi máa di alẹ́, adùn ti lọ.
"Ta ló mu ún?" ni mo máa ń bi í lọ́mọdé.
Á rẹ́rìn-ín: "Àwọn tí a ò rí."

Mo lọ kàwé, mo mọ orúkọ wọn.
Ìwúkàrà ni, ó kéré ju eruku ojú fèrèsé lọ,
ó sì ní ọ̀bẹ tí kì í kú: ẹnsáìmù.
Ṣúgà inú ẹmu, ìbejì tó di ọwọ́ ara wọn mú ni;
ọ̀bẹ kan á já wọn gbà lọ́wọ́ ara wọn,
òmíràn á gbà á, á tún gé e,
títí adùn yóò fi di ọtí, tí ìyókù yóò di ìfófòó.
Ọ̀bẹ gé ẹgbẹ̀rún, ọ̀bẹ ò ṣẹ́,
ọ̀bẹ ò sì jẹ nínú ohun tó gé.

Lọ́dún tó kọjá, èèrà bo ibi tí bàbá tọ̀ sí lẹ́yìn ilé.
Ó ní èèrà ìgbà òjò ni.
Mi ò dá a lóhùn.
Èmi fúnra mi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní láàbù tí mo ti ń ṣiṣẹ́.
Ó ń wo abẹ́rẹ́ bí ẹni ń wo ibi tó ti máa dá ọ̀pẹ lu.

Ṣúgà tí ò rí ẹni gé e kì í jókòó jẹ́ẹ́.
Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ bí oje ọ̀pọ̀tọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.
Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́.
Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀jẹ̀ fi ń rántí:
mínírà mẹ́rin níbi ìgbéyàwó Màwútìn,
tíì alaalẹ́ tó ní kò dùn tó,
gbogbo rẹ̀ wà nínú nọ́ńbà kan ṣoṣo lórí ìwé:
mọ́kànlá.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi sínú fìlà.
"Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú agbè mi,
kí ló dé tí wọn ò ṣiṣẹ́ nínú mi?"

Mo ní ìdáhùn. Ó gùn, ó ní orúkọ, ó ní àwòrán.
Mo bá a fọ agbè.

Ó ṣì ń dá ẹmu. Èmi ni mo ń tọ́ ọ wò báyìí.
"Ó dùn?"
"Ó dùn, Bàbá."
Lẹ́yìn náà á gbé agbè sí abẹ́ òrùlé,
á tẹ etí mọ́ ẹnu rẹ̀,
á máa gbọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́.