Ẹni Tó Mọ Ewúrẹ́ Kà

Ọjọ́ kẹsàn-án tí Batsúúrì pẹ́ dé kíláàsì,
mo kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó, mo fa ìlà sí i nídìí.
Kò bínú. Ó jókòó, ó ń fẹ́ èémí sí ìka rẹ̀.
Kò mú ìwé wá, kò mú kálámù,
ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lápò rẹ̀,
bẹ́ẹ̀ yìnyín ti dì mọ́ fèrèsé wa
bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná.

Mo ní, ọ̀lẹ ni.
Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé, mo tún sọ ọ́ fún ara mi.
Ohun tí ènìyàn bá sọ lẹ́ẹ̀mejì
a máa dún bí òótọ́ létí ẹni tó sọ ọ́.

Nígbà tó di Sátidé, mo gun alùpùpù àbúrò ọkọ mi,
ogójì kìlómítà nínú aṣálẹ̀ Góbì tí òtútù ti sọ di irin,
títí mo fi rí àgọ́ onírun àgùntàn wọn,
èéfín tín-ín-rín,
ajá kan tí kò fẹ́ràn mi.
Ìyá rẹ̀ bu tíì oníyọ̀ fún mi, kò béèrè ohun tí mo bá wá.
Ìwé apẹ́lẹ́yìn wà lórí itan mi. Mo ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀. Batsúúrì dìde, ẹnikẹ́ni kò pè é.
Ó dúró lẹ́nu ọgbà ẹran, ó káwọ́ sẹ́yìn bí àgbàlagbà,
ó ń kà.
Igba ó lé mẹ́rìndínlógún.
"Ó ku ọ̀kan," ó ní. "Elétí yíya ni."
Ó wọ inú òkùnkùn lọ, kò ráhùn,
nígbà tó padà, ọmọ ewúrẹ́ ń yọrí lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní, "Láti ọmọ ọdún márùn-ún ni.
Kì í sùn tí wọn ò bá pé."

Tíì mi ti tutù. Ojú ń tì mí.
Ọ̀lẹ wo ló ń ka igba ẹran kó tó sùn?
Mo ki ìwé apẹ́lẹ́yìn bọ àpò. Mo ní,
"Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.
Ẹ jẹ́ kí n yá àṣà ilé yín lò."

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà Dólgóò ló ń sùn, lẹ́yìn ilé-ìwé.
Kí iná tó kú, ó ní láti dúró, kó káwọ́ sẹ́yìn:
ìwé ìṣirò, ìwé kíkà, kálámù,
ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, ìbọ̀wọ́ òsì,
fìlà.
Tí ọ̀kan bá dín, darandaran, ṣé a lè sùn?
Ìyá àgbà kò gbọ́ràn mọ́, aago kò wúlò fún un,
ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú.
Á gbé ìka mẹ́fà sókè, á máa dúró dè é.

Mi ò ní purọ́, kò yọrí lọ́sẹ̀ kan.
Ìbọ̀wọ́ tún sọnù. Ó tún sun oorun àsùnpẹ́.
Èmi náà wá ń tètè jí, mo ń yà kan ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀,
títí di ọjọ́ kan tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́,
tí mo kàn án, tí ìyá àgbà rẹ́rìn-ín sí mi:
ó ti lọ.

Ti bàbá rẹ̀ ló kù.
Kíláàsì kẹta ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀,
ṣùgbọ́n ó mọ orí òkè tí fóònù ti ń gbọ́ dáadáa.
Lálaalẹ́ Ọjọ́rú, á gẹṣin débẹ̀,
kí ọmọ lè ka ojú ewé kan sí i létí nínú afẹ́fẹ́.
Bí ọmọ bá fo ọ̀rọ̀ kan
ó máa ń mọ̀. Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀.
Á ní, "Dúró ná.
Padà sẹ́yìn.
Ọ̀kan ti ṣáko."