Iná Orí Òpó

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni Oyèbísí fi jókòó sínú òkùnkùn
lẹ́bàá bàálù kékeré, lẹ́yìn odi Òṣogbo.
"Ojú a máa mọ òkùnkùn," ó ní, "àmọ́ kì í kánjú."
Ọ̀rá pupa ló wé mọ́ ojú tọ́ọ̀ṣì tí mo dì mú.
Ó ti ọ̀pá bọ táǹkì, ó wo ibi tí epo dé;
aago ti parọ́ fún un rí.

Alájì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀: "Ìlọrin ò mà jìnnà o."

"Mo ti rí àtùpà ọdẹ rí, mo pè é níràwọ̀.
Díẹ̀ ló kù kí n tẹ̀lé e wọ igbó Ọ̀ṣun."

Ó kọjú sí Òkè-Baálẹ̀.
Iná pupa mẹ́ta ló ń bẹ lórí òpó rédíò.
Ó kà á: méjì.
Ọyẹ́ ti dé, kùrukùru ń sọ̀ lára òpó bí alágẹmọ.
Ó tún un kà:
ẹyọ kan.

Kò sọ̀rọ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó so ìyẹ́ bàálù mọ́lẹ̀,
ó tẹ́ ẹní fún Alájì tó ń pòṣé.

Ẹ̀pà la jẹ sùn.
Nídàájí mo jí, mo ka iná: méjì.
N ò jí ẹnikẹ́ni.
Alájì ń hanrun.