Ilà Tó Ṣìnà

Ilé òfì bàbá wa kò ju ìsọ̀ kékeré lọ,
páànù lórí, páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́,
létí òkun, ní erékùṣù Hárísì,
níbi tí ẹ̀fúùfù ti ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn.
Lọ́jọ́ tá a sin ín, òjò ń rọ̀ ní ìbú.
Torcuil kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, kò wò ó.
Oighrig wò ó, kò lè kọjá.
Èmi Seonag, àbíkẹ́yìn, mo ka owó tó kù nínú agolo bisikíìtì:
pọ́n-ùn mọ́kànlélógún
àti bọ́tìnnì kan.

Títà ni Torcuil fẹ́ ta òfì náà.
"Ẹni tó ni ín ti sinmi. Ẹ jẹ́ kí irin náà sinmi."
Oighrig ò fèsì. Ó bọ́ bàtà,
ó jókòó, ó gbẹ́sẹ̀ lé ìtẹ̀sẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á
bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́ lọ sílùú tí kò sí.
Gbàgà, gbàgà, gbàgà,
ìró tá a fi sùn nígbà èwe,
tó máa ń dákẹ́ ní alẹ́ Sátidé bí aago bá ti lu méjìlá,
nítorí ọjọ́ kejì, Ọlọ́run ló ni ín.
Torcuil ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó padà.
Ó ní, "Ò ń yára jù."

Wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.
Kí n má purọ́, ọwọ́ tiwa kọ́kọ́ di ara wọn láṣọ mú.
Àwọ̀ eérú ni Torcuil fẹ́, eérú lónìí, eérú lọ́la,
bí bàbá ti ṣe é, bí bàbá bàbá ti ṣe é.
Oighrig mú ṣíbí, ó lọ ha èépá tó ń hù lára àpáta,
ó sè é pọ̀ mọ́ irun àgùntàn látàárọ̀ dalẹ́.
Ajá wa sá kúrò nílé nítorí òórùn.
Nígbà tó yọ ọ́, ó pọ́n bí ìdákọ̀ró tó dípẹtà.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Igbe,
Torcuil ń so òwú ìta, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ abo àgùntàn tó ń rọbí.
Ibi tó yẹ kó ka méjì, ó ka mẹ́rin.
Afi ìgbà tá a gbé aṣọ síta, ọgọ́ta ọ̀pá gbáko,
la tó rí i nínú ìmọ́lẹ̀:
ilà pupa kan láàárín eérú,
ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.
"Seonag, sọ fún un kó gbé iyọ̀ wá."
Iyọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ẹni tí ń gbé e wá jókòó tì í.

Mo jí abala kan nínú aṣọ náà gé.
Mo rán an ní àpò kéékèèké,
mo kó o lọ sí èbúté Tarbert, mo tẹ́ ẹ sórí àpótí ẹja.
Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀, ó fi ìka tọ ilà náà lọ títí.
"Kí ni èyí?"
Mo fẹ́ sọ pé àṣìṣe ni.
Ẹnu mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì ni."
Ó ra mẹ́fà. Lẹ́yìn oṣù kan, lẹ́tà dé láti Bergen:
ogójì sí i, ẹ jọ̀wọ́, kí ilà má kúrò níbi tó wà.

Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Torcuil ń ka òwú
kí ó tó lè ṣì í dáadáa.
Páànù ṣì ń jò. A ṣì jẹ ẹni tó ta irun fún wa lówó.
Bọ́tìnnì wà nínú agolo; a ò tíì mọ ẹ̀wù tó ti já.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, òfì a dákẹ́, a jókòó ti oúnjẹ.
Ṣíbí mi já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú un,
mo sì rí ẹsẹ̀ mẹ́rin lábẹ́ tábìlì,
wọ́n ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́,
ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.